Bí Owó Ti Mọ: Ìwé Àlẹ̀mógiri Sinimá Aláwọ̀ Méjì àti Ẹ̀rí Tí Ó Ń Jẹ́ fún Ìtàn

Ìfáárà

Ní ọdún 2014, wọ́n ta ìwé àlẹ̀mógiri kan ní gbànjo ní ìlú Dallas, ní Amẹ́ríkà, ní iye 478,000 dọ́là. Fíìmù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún ni London After Midnight, tí ó jáde ní ọdún 1927. Ẹ̀dà fíìmù náà tí a mọ̀ kẹ́yìn ti jóná nínú ilé ìpamọ́ ilé-iṣẹ́ MGM ní ọdún 1965, kò sì sí ẹni tí ó tún rí i wò láti ìgbà náà. Ní ọdún 2017, ìwé àlẹ̀mógiri ti Dracula, fíìmù ọdún 1931, ta ju ìyẹn lọ: 525,800 dọ́là ni owó rẹ̀. Ìwé méjèèjì lẹ́wà. Ayàwòrán tí ó mọṣẹ́ ni ó yà wọ́n, òǹtẹ̀wé tí ó ní ohun èlò ni ó sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ tẹ̀ wọ́n.

Kì í ṣe irú wọn ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni àwọn ìwé àlẹ̀mógiri sinimá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní pósítà, èyí tí wọ́n fi àwọ̀ kan tàbí méjì péré tẹ̀: àwọn tí ojú òṣèré inú wọn ṣú, tí lẹ́tà inú wọn há mọ́ra, tí pépà wọn kò nípọn, tí àwọn òǹtajà sì máa ń tì sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹni tí ó ń kó nǹkan jọ nítorí ẹwà kì í wo irú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Èrò wa ni pé ẹni tí ó ń kó nǹkan jọ nítorí ìtàn kò gbọdọ̀ fojú fò wọ́n, nítorí pé àìrẹwà wọn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ó ń sọ iye owó tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé fíìmù jáde, irú òǹwòran tí ó ń retí, àti bí fíìmù náà ti rìn jìnnà tó. Amẹ́ríkà ni a ó ti mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ wa, nítorí pé àwọn olùkójọ ibẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a ó fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ jẹ mọ́ fíìmù Yorùbá gan-an.

Iye Tí Àwọ̀ Ń Náni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ. Òwe yìí ṣe rẹ́gí pẹ̀lú iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nígbà tí Alois Senefelder ṣàwárí ìtẹ̀wé orí òkúta ní Jámánì ní ọdún 1796, àwọ̀ kan ṣoṣo ni òkúta kan lè gbé. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Jules Chéret àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Paris sọ ìwé àlẹ̀mógiri aláwọ̀ púpọ̀ di ohun tí ó gbilẹ̀, síbẹ̀ òfin náà kò yí padà. Àwọ̀ mẹ́fà túmọ̀ sí òkúta mẹ́fà, pépà kan náà sì gbọ́dọ̀ gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tí abala irin pẹlẹbẹ rọ́pò òkúta, ìṣirò náà kò yàtọ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó abala tirẹ̀, owó yíǹkì tirẹ̀, owó iṣẹ́ àwọn tí ń darí ẹ̀rọ, àti àkókò tí a ó fi dúró kí ó gbẹ kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Ewu tún wà níbẹ̀. Bí pépà bá yẹ̀ díẹ̀ péré nígbà tí ó ń gba abẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì, pupa ètè òṣèré yóò kúrò lẹ́nu rẹ̀, yóò bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Òǹtẹ̀wé tí oníbàárà rẹ̀ kò lówó àwọ̀ mẹ́fà ní ọgbọ́n mẹ́ta tí ó lè dá. Èkíní ni pé kí ó fi pépà fúnra rẹ̀ ṣe àwọ̀. Bí ó bá fi pupa àti búlúù tẹ orí pépà funfun, ibi tí kò tẹ̀ yóò wà ní funfun, ibi tí àwọ̀ méjèèjì bá sì ti gun ara wọn yóò ṣókùnkùn. Yíǹkì méjì ti di ohun mẹ́rin ní ojú òǹwòran. Èkejì ni pé kí ó lo fọ́tò dípò àwòrán tí a fọwọ́ yà. Wọn a sọ fọ́tò náà di àmì tó-tò-tó wẹ́wẹ́, tí ó tóbi níbi tí òkùnkùn wà, tí ó sì kéré níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí yíǹkì kan lè dà bí ẹni pé ó ní ìpele púpọ̀. Lórí pépà tí kò dára, yíǹkì a máa ràn, àwọn àmì náà a sì fà mọ́ra. Ìdí nìyí tí ojú òṣèré fi máa ń ṣú. Ẹ̀kẹta ni pé kí ó da yíǹkì méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú àpótí yíǹkì kan ṣoṣo, kí rólà ẹ̀rọ máa pò wọ́n pọ̀ níbi tí wọ́n ti pàdé. Pépà yóò gba abẹ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan péré, yóò sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ tí ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé Colby ní Los Angeles, tí ó kógbá sílé ní ọdún 2012, gbajúmọ̀ fún ọgbọ́n yìí nínú àwọn ìwé ìpolówó ojú títì tí ó ń tẹ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé Yorùbá ṣàkíyèsí nǹkan kan níhìn-ín. Funfun, pupa àti dúdú ni àwọn orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè wa. Ìwé tí wọ́n fi yíǹkì pupa àti dúdú tẹ̀ sórí pépà funfun ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Àdìrẹ pẹ̀lú, aró kan lórí aṣọ funfun ni, kò sì sí ẹni tí ó rí àdìrẹ tí ó dára tí yóò pè é ní òbùrẹ́wà. Nítorí náà, àìpọ̀ àwọ̀ kọ́ ni ó ń ba ẹwà jẹ́. Ẹni tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní sùúrù fún aró láti mu. Òǹtẹ̀wé aláwọ̀ méjì kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Fíìmù ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, oníbàárà fẹ́ gba iṣẹ́ ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, owó tí ó san kò sì tó ti ayàwòrán. Ìkánjú àti àìtó owó ni a ń rí nínú àìrẹwà náà, ohun tí òpìtàn sì ń wá gan-an nìyẹn.

Ọ̀nà Tí Ìwé Náà Ń Gbà Rìn ní Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, ìwé àlẹ̀mógiri sinimá ní ìwọ̀n tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù jẹ́ íǹṣì 27 ní ìbú àti íǹṣì 41 ní gígùn. Èyí tí wọ́n ń gbé sí ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 14 sí 22, lórí páálí tí ó le díẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1940, National Screen Service, ilé-iṣẹ́ tí ó ti wà láti ọdún 1920, bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ pínpín àwọn ìwé wọ̀nyí lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá. Ilé sinimá kì í ra ìwé náà. Ó ń háyà rẹ̀ ni, yóò sì dá a padà kí ó lè lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n máa ń ká ìwé náà, ìdí nìyí tí ojú ìká fi wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn títí di òní. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n a tẹ nọ́ńbà tí ó ní ọdún nínú. Bí lẹ́tà R bá ṣáájú ọdún náà, ó túmọ̀ sí pé fíìmù àtijọ́ ni wọ́n tún gbé jáde. R49, fún àpẹẹrẹ, ń tọ́ka sí àtúngbéjáde ọdún 1949.

Lára àwọn ìwé àtúngbéjáde yìí ni a ti ń rí ọ̀pọ̀ aláwọ̀ méjì. Fíìmù náà ti pa owó rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tí ó fẹ́ tún san owó fún ayàwòrán. Wọn a mú fọ́tò kan, wọn a fi pupa tàbí búlúù sí i lẹ́yìn, iṣẹ́ ti parí. Owó tí àwọn olùkójọ ń san fún irú èyí kéré gan-an sí ti ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti àtúngbéjáde ni ó ń kọ́ni ní ohun tí a kò mọ̀. Ìwé àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ilé-iṣẹ́ ń retí kí òǹwòran tó wọlé, ìwé kejì sì ń sọ ohun tí òǹwòran ti yàn lẹ́yìn tí wọ́n wò ó. John Wayne ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù kọ́bọ̀ì olówó kékeré ní àwọn ọdún 1930 kí Stagecoach tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní ọdún 1939. Nígbà tí wọ́n tún àwọn fíìmù kékeré náà gbé jáde lẹ́yìn èyí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹni tí ó fẹ́ mọ bí òkìkí ṣe ń dàgbà yóò rí i kedere lórí pépà burúkú yìí ju lórí èyí tí ó rẹwà lọ.

Páálí ojú fèrèsé tún ní àǹfààní tirẹ̀. Wọ́n máa ń fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ nǹkan kan sí i. Òǹtẹ̀wé ìlú tí fíìmù bá dé ni yóò tẹ orúkọ ilé sinimá, ọjọ́ àti wákàtí sí àyè náà. Irú ilé ìtẹ̀wé bẹ́ẹ̀ ń lo lẹ́tà onígi tí ó ti wà láti ìgbà àwọn baba wọn. Hatch Show Print ní ìlú Nashville, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1879, ṣì ń fi lẹ́tà onígi ṣiṣẹ́ títí di òní. Nítorí náà, ọwọ́ méjì ni ó wà lórí páálí kan: ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní ìsàlẹ̀, ọwọ́ òǹtẹ̀wé ìlú kékeré ní òkè. Àwọn kan nínú àwọn olùkójọ máa ń gé òkè náà dànù nítorí pé kò bá ìyókù mu. Ẹ̀rí ọjọ́ àti ìlú ni wọ́n gé dànù yẹn.

Bí a bá ṣe ń lo ẹ̀rí yìí kò le. Ká ní páálí kan sọ pé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ni wọn yóò ṣe fíìmù, tí kò sì sọ ọdún. Láàárín ọdún 1935 àti 1955, ọdún mẹ́rin péré ni ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì: 1937, 1943, 1948 àti 1954. Bí fíìmù náà bá jáde ní ọdún 1941, ó ku mẹ́ta. Bí a bá rí orúkọ fíìmù mìíràn lórí páálí kan náà, ó lè ku ẹyọ kan. Báyìí ni ìwé tí kò ní iye lórí lójú olùtajà ṣe ń sọ ìrìn àjò fíìmù láti ìlú dé ìlú.

Fíìmù Àwọn Adúláwọ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù ni ti àwọn fíìmù tí wọ́n ṣe fún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní ìgbà ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà. Oscar Micheaux, tí wọ́n bí ní ọdún 1884, gbé The Homesteader jáde ní ọdún 1919, ó sì ṣe fíìmù tí ó lé ní ogójì kí ó tó kú ní ọdún 1951. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé fíìmù rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, tí ó ń bá àwọn onílé sinimá dúnàádúrà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti sọnù, títí kan The Homesteader. Within Our Gates (1920) pàápàá kò bá ti sọnù bí kì í bá ṣe ẹ̀dà kan tí wọ́n rí ní Sípéènì, tí àkọlé rẹ̀ ti di La Negra. Bákan náà ni ti Spencer Williams, tí ó fi nǹkan bí 5,000 dọ́là ṣe The Blood of Jesus ní ìpínlẹ̀ Texas ní ọdún 1941. Ẹ̀dà fíìmù yìí wà lára àwọn fíìmù adúláwọ̀ tí wọ́n rí nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní ìlú Tyler, ní Texas, ní ọdún 1983. Ní ọdún 1991, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé àwọn fíìmù tí orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pa mọ́.

Ẹni tí ó ní 5,000 dọ́là láti fi ṣe odindi fíìmù kò lè ná púpọ̀ lórí pépà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìpolówó tí irú àwọn fíìmù bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ kò ní ju àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Níbi tí fíìmù bá sì ti sọnù, ìwé náà ni ó kù tí ó lè sọ orúkọ àwọn òṣèré, bí wọ́n ṣe múra, àti ohun tí wọ́n fi ń fa òǹwòran mọ́ra. Ó tún lè sọ ohun mìíràn. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ilé sinimá kan tí kì í gba adúláwọ̀ wọlé lọ́sàn-án máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún wọn ní ọ̀gànjọ́ òru. Nígbà tí a bá rí àkókò òru tí òǹtẹ̀wé ìlú tẹ̀ sí òkè páálí, kì í ṣe wákàtí nìkan ni a ń kà. Òfin ìlú ni a ń kà.

A kò gbọdọ̀ sọ èyí di òfin tí kò ní ìyàtọ̀. Ilé-iṣẹ́ Norman ní Jacksonville, ní ìpínlẹ̀ Florida, kéré, síbẹ̀ àwọn ìwé àlẹ̀mógiri rẹ̀ fún The Crimson Skull (1922) àti The Flying Ace (1926) ní àwọ̀ tí ó dán gbinrin. Richard Norman, òyìnbó tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà, mọ̀ pé ìwé ni yóò ta fíìmù fún òǹwòran tí kò gbọ́ orúkọ òṣèré náà rí. The Flying Ace nìkan ni ó kù lódindi nínú àwọn fíìmù gígùn rẹ̀. Ohun tí àwọ̀ ń sọ fún wa, nígbà náà, ni ìpinnu lórí owó: ibi tí ẹnìkan yàn láti ná an sí, àti ibi tí kò lè ná an dé. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ìwé àlẹ̀mógiri fíìmù adúláwọ̀ márùn-ún ṣe sítáǹpù. Ohun iyì ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ojú ń yẹ ni wọ́n yàn. Bí ó bá jẹ́ pé irú ìyẹn nìkan ni a pa mọ́, ìtàn tí a ó kọ yóò jẹ́ ìtàn àwọn tí owó wọn tó.

Tiwa Ńkọ́?

Ẹni tí ó bá ka ìtàn Micheaux tí ń gbé fíìmù kiri yóò rántí tiwa. Láti ìgbà tí Hubert Ogunde ti bẹ̀rẹ̀ eré ní ọdún 1944 ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri Yorùbá ti ń lo ọkọ̀, gbohùngbohùn àti ìwé àlẹ̀mógiri láti kéde eré wọn. Nígbà tí àwọn òṣèré wọ̀nyí bọ́ sínú fíìmù, láti orí Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, dé orí Aiyé ti Ogunde ní ọdún 1979 àti Ọ̀run Móoru ti Moses Ọláìyá ní ọdún 1982, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tẹ̀lé. Ẹni tí ó ni fíìmù ni ó ń gbé e lọ sí gbọ̀ngàn àti ilé sinimá. Ẹ̀dà kì í pọ̀, nítorí pé òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù. A sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ọ̀run Móoru: àwọn olè dà á kọ sórí fídíò, wọ́n ń tà á, ẹni tí ó ṣe é sì jẹ gbèsè.

Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ wa ti gba ìwé eré, rẹ́kọ́ọ̀dù àti ìwé ìròyìn aláwòrán Atọ́ka gẹ́gẹ́ bí ohun ìwádìí, bẹ́ẹ̀ fọ́tò dúdú-òun-funfun lórí pépà tí kò wọ́n ni Atọ́ka náà. Ìwé àlẹ̀mógiri kò tíì rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Ara ògiri ni ó ń parí ayé rẹ̀ sí: òjò pa á, oòrùn pa á, ìwé ìdìbò lẹ̀ mọ́ ọn lórí. Èyí tí ó bá bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn wà lábẹ́ ibùsùn àwọn òṣèré àgbà, nínú yàrá òǹtẹ̀wé tí ó ti fẹ̀yìn tì, tàbí lẹ́yìn férémù fọ́tò ẹbí níbi tí wọ́n ti fi ṣe páálí ìfìdímúlẹ̀. Bí àwọn ilé ìkàwé bá sì dúró dìgbà tí wọn yóò rí èyí tí ó rẹwà, wọn kò ní bá púpọ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò owó gbànjo. Ohun tí ó nílò ni ìlànà. Kí ó má ṣe gé etí ìwé, nítorí pé ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ ilé ìtẹ̀wé àti ìlú rẹ̀ máa ń wà. Kí ó má ṣe nu ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kọ nù, kódà bí ó bá ba ojú ìwé jẹ́. Kí ó ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, nítorí pé àbàwọ́n lẹ́ẹ̀ ń fi ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri hàn yàtọ̀ sí èyí tí kò kúrò nílé ìtẹ̀wé. Kí ó wọn ìwé náà, kí ó ka iye yíǹkì tí ó wà lára rẹ̀, kí ó sì kọ owó ìwọlé, ibi ìṣeré àti èdè tí wọ́n fi polówó sílẹ̀. Bí ìwé púpọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara wọn, kí ó kọ bí wọ́n ṣe tò sí lórí ara wọn kí ó tó yà wọ́n, nítorí pé èyí tí ó wà lábẹ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Ní pàtàkì jù lọ, kí ó bi ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ léèrè ìtàn rẹ̀ nígbà tí ẹni náà ṣì wà láyé.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ti fi hàn pé àwọ̀ lórí ìwé àlẹ̀mógiri kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Owó ni, àkókò ni, ìpinnu ni. A ti rí i pé ìwé àtúngbéjáde ń fi yíyàn àwọn òǹwòran hàn, pé páálí ojú fèrèsé ń fi ìrìn fíìmù hàn, àti pé níbi tí fíìmù àwọn aláìní bá ti sọnù, ìwé aláwọ̀ méjì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó kù. Yorùbá sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ni ẹ̀rí pé ènìyàn ti pẹ́ láyé. Àwọn fíìmù wa ti ní aṣọ rí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti lọ. Àkísà rẹ̀ ṣì wà káàkiri ilé àwọn tí ó ṣe é, iye ọjọ́ tí yóò fi wà níbẹ̀ kò sì pọ̀ mọ́.